Ewé Tí Ọmọ Labalábá Ń Jẹ

Ẹni tí kò bá tíì rí labalábá tí Baálẹ̀ Labalábá ń sìn nínú ilé onígíláàsì rẹ̀, kó má sọ pé òun mọ aró. Bó bá pa ìyẹ́ dé, ewé gbígbẹ lásán ni. Bó bá là á, ojú ọ̀run á wá aṣọ fi bojú. Ahọ́n rẹ̀ ká roboto bí irin inú aago. Òdòdó kò jọ ọ́ lójú. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà ló ń fà mu, èyí tí òórùn rẹ̀ lè jí òkú, kó tún pa á padà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, kòkòrò onírun wẹ́wẹ́, ewé ìtàkùn kan péré ló ń jẹ láyé. Igbó tí ìtàkùn náà ti wá ti di títì ọlọ́dà. Ẹyọ kan ló kù, nínú ìkòkò kan ní igun ilé náà.

Baálẹ̀ lọ yọ eyín, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níta. Ó fi àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣọ́ ilé. Àbúrò yìí, bó bá rí eruku lójú oòrùn, á gbé ìgbálẹ̀ gun àkàbà lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Mo ti da ọ̀gẹ̀dẹ̀ rírà yẹn nù. Àbí ẹ̀yin àti eku lẹ jọ ń gbé ni?"

"Ìtàkùn inú ìkòkò ńkọ́?"

"Èpò yẹn? Tí kòkòrò ti jẹ lu bí ajere? Ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an ni mo hú u tegbòtegbò."

Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ gbì, bí àpò sìmẹ́ńtì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wò mí báyìí."

Baálẹ̀ sáré lọ sí ààtàn. Ìtàkùn ti gbẹ. Ó rún un sómi, ó fi oje rẹ̀ pa ewé ẹ̀wà, ewé ọ̀dùnkún, ewé gbogbo tí Ọlọ́run dá. Kòkòrò onírun mọ́kànlélógún tó kù nínú ilé ń rìn kọjá lórí wọn bí ọlọ́jà tí kò rí ohun tó fẹ́ rà. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ tì wọ́n:

"Jẹ ẹ́, ọmọ dáadáa. Díẹ̀ péré."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Abo labalábá kan ló kù láàyè. Ẹsẹ̀ ló fi ń tọ́ ewé wò kó tó yé ẹyin. Ó bà lé tábìlì, ó kọ̀ ọ́. Ó bà lé ewé ẹ̀wà, ó kọ̀ ọ́. Ó wá bà lé àtẹ́lẹwọ́ Baálẹ̀ tí oje ìtàkùn kún. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un tẹ̀. Ó yé ẹyin kan síbẹ̀, kíún bí hóró iyọ̀.

"Ó yé o! Ẹ̀gbọ́n mi, ó yé!"

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bó bá di ọmọ," ló wí, "kí ni yóò jẹ?"