Àsíá Méjì Tí Kò Ṣeé Gé Dọ́gba

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí òfófó tó wà lẹ́nu mi lónìí, tí n ò bá sọ ọ́, inú mi á wú. Ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Alásíá, torí òun ló ń rán àsíá fún ìjọba. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀: máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ, áyọ́ọ̀nù tí wáyà ẹ̀ ti fẹ́ já. Ọmọ kan péré ló bí, obìnrin. Ọmọ yẹn ti rí ààyè síléèwé nọ́ọ̀sì lókè òkun, físà ló kù. Àdúrà tí ìyá ẹ̀ ń gbà ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Orílẹ̀-èdè ńlá méjì ló ń fa ìlú wọn lápá. Àwọn kan kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun fún wọn, ìyẹn làwọn ará ìlú ń pè ní Eléèbúté. Àwọn kejì ń gba ọmọ wọn síléèwé, ìyẹn ni Onílé-ìwé. Àwọn méjèèjì ò fẹ́ rí ara wọn sójú, ìjọba wá ń pariwo pé, "Ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni wá!" Bí obìnrin tó ní àlè méjì ládùúgbò kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ni ìjọba bá pe àwọn méjèèjì sípàdé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá tó ń ṣètò àlejò sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, àsíá méjì, ti orí tábìlì. Kí wọ́n dọ́gba o! Bí ọ̀kan bá fi ìka kan ju èkejì lọ, mo gbé."

Ìyá Alásíá fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n títí. "Ọ̀gá, tàwọn Eléèbúté kúrú, ó fẹ̀. Tàwọn Onílé-ìwé gùn gbọọrọ. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Tí ìbú wọn bá dọ́gba, ọ̀kan á gùn ju èkejì."

"Ẹ ṣe é kó dọ́gba ni mo wí!"

Bí ọ̀gá ṣe jáde, ọmọ Ìyá Alásíá rọra sún mọ́ ìyá ẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ kí tàwọn Onílé-ìwé gùn bó ṣe gùn. Pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ wọn."

"Kí n wá ta gbogbo ìlú nítorí ẹ? Àìmọye ilé ló ń jẹun ní èbúté yẹn."

"Ìlú wo? Ṣé ìlú ló máa bá mi gbé báàgì ni?"

Ìyá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e. Ó fa ti Eléèbúté gùn títí ìràwọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ fi dà bí ẹyin tí wọ́n jókòó lé. Ó ká ìlà ìkẹyìn ti Onílé-ìwé wọnú ìṣẹ́tí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn àlejò ò tíì fẹ̀yìn ti àga tí Onílé-ìwé ti tẹjú mọ́ àsíá tiẹ̀. "Ìlà wa yòókù dà? Ta ló gé wa kúrú nítorí àwọn wọ̀nyí?"

"Ta ló fa tiwa bíi ṣingọ́ọ̀mù?" Eléèbúté náà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rẹ́ gbogbo yín ni wá," ni ọ̀gá ń bẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ gbogbo ayé, ọ̀rẹ́ ta ni?" ni Onílé-ìwé bi í.

Omi tí wọ́n gbé fún wọn, wọn ò fẹnu kàn án.

Kò pẹ́, Onílé-ìwé ti fèrèsé físà pa. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ padà wálé láìní òǹtẹ̀ kankan. Ìyá Alásíá lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo gé e. Èmi ni kí wọ́n bínú sí."

Ọ̀gá ò lè wò ó lójú. "Mọ́mì, ẹ dìde. Wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó wọ bàálù. Tí kì í bá ṣe àsíá, omi ni wọn ò bá bínú sí." Ó gbé aṣọ títóbi kan sórí tábìlì. "Eléèbúté ní tá ò bá mú ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì, àwọn á kó ọkọ̀ àwọn lọ. A ti mú Eléèbúté. Tiwọn nìkan lẹ ó máa rán, ńlá, fún ẹnu ọ̀nà èbúté."

Báyìí, ọmọ ló ń bá a di etí aṣọ mú kó má wọ́lẹ̀.

"Màámi, ẹ ò bá ti jẹ́ kó gùn."

"Kì bá tí yàtọ̀, wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀."

"A ò mọ̀."

Ìyá tẹ máṣíìnì lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dá mi lóhùn, ẹ má ṣojú ayé: tó bá jẹ́ ọmọ tiyín, tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ ò bá ṣe?