Ìjì Kọ́ Bí A Ti Ń Jókòó

Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe. Ó ń gé e, ó ń fi í sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ìjì ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí ìbínú rẹ̀, orúkọ náà kò sì dùn ún. Ó ní ẹni tí kì í bínú ni ayé ń gùn bíi kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí fóònù pé òun ti kó Màmá wọn kúrò nílé Ìjì lọ sílé òun, ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu ìyẹn tí Ìjì fi da ẹ̀ṣẹ́ bo gíláàsì tó fara ti ògiri níwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń rán ọwọ́ rẹ̀ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ bá jà?”

“Gíláàsì.”

“Ta ló borí?”

Ìjì kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà di ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ní òun náà máa ń ju abọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní yàrá kan wà lókè ilé ìtajà bàtà, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti máa ń ṣe àṣàrò láràárọ̀. “Wọn ò ní ní kẹ́ ẹ yí ẹ̀sìn padà. Ẹ kàn lọ jókòó.”

“Kí n jókòó? Èmi tí wọ́n gbé ìyá mi lọ?”

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì kò lè gé gíláàsì, ilé sì ti sú u. Gbogbo ẹni tó bá rí ló ń sọ fún un pé sùúrù ni baba ìwà, àfi bíi pé òun ò gbọ́ ọ rí. Ó lọ.

Ẹní àti tìmùtìmù nìkan ló wà nínú yàrá náà. Ìyá àgbà kan tó fá orí kodoro ló ń darí wọn. Ó ní kí Ìjì ká ẹsẹ̀, kó máa kíyè sí èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. “Bí ọkàn rẹ bá sá lọ, má nà án. Pè é padà.”

Ọkàn Ìjì kò sá lọ lásán, tẹrù-tẹrù ló gbéra. Ó dé ilé àbúrò rẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀, ó tún padà lọ sọ ọ́ lọ́nà tó dùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri. Imú ń yún un. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ń kórìíra onítọ̀hún tọkàntọkàn.

Nígbà tí agogo dún, ó ní, “Ìyá, ìbínú mi ni mo jókòó tì. Kò lọ síbì kankan.”

“O káre. Ṣé o ti jókòó tì í rí? Níbo ló wà lára rẹ?”

Ìjì ní láti rò ó. “Àyà. Ó ń gun ọrùn bọ̀.”

“Tún wá wò ó lọ́la.”

Ó ń lọ, bó tilẹ̀ ń kùn lórí àtẹ̀gùn. Kò rí ìyanu kankan. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: tẹ́lẹ̀, ìbínú máa ń wọlé wẹ́rẹ́ láìkanlẹ̀kùn, nísinsìnyí, ó ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgbọ̀n ló kọ́kọ́ máa ń le, àyà á gbóná, lẹ́yìn náà ni ọwọ́.

Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ yọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ni ìyẹn dúró sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́.”

Àgbọ̀n Ìjì le. *Ìbínú ló ń bọ̀ yẹn.* Ó gbé irin tó fi ń gé gíláàsì sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó mí. Àbúrò rẹ̀ sún sẹ́yìn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí bà á lẹ́rù ju ariwo lọ.

“Kí ló dé tó o fi mú Màmá lọ láìsọ fún mi?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mi ò bá ẹ jà. Mo ń bi ẹ́ ni.”

“Màmá ló pè mí. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá ti ń pariwo nínú ilé, àyà àwọn máa ń já, àwọn kì í lè jáde ní yàrá lọ bu omi mu. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, kí n jẹ́ kẹ́ ẹ máa bínú sí èmi.”

Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n Ìjì. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná di ẹ̀ṣẹ́. Èémí kọ̀, kò fẹ́ wọlé. Ó wá a, ó rí díẹ̀, ó tún sọ ọ́ nù. Nígbà tó yá, ó bá nǹkan mìíràn lábẹ́ ooru yẹn, ohun tó tutù, tí kò pàdé rí ní gbogbo ìjókòó rẹ̀. Ìtìjú ni.

“Ṣé mo lè wá rí wọn?” ni ẹ̀gbọ́n bi àbúrò.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó gbé e mì.

Màmá gbà pé kó wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nílé àbúrò rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá Màmá tí wọ́n ń ká aṣọ. Bí wọ́n ṣe rí i, ọwọ́ wọn dúró, ojú wọn sì yà sí ọ̀nà àbájáde. Ìjì rí i. Ó yára jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má baà ga jù wọ́n lọ.

“Ṣé ìjà lo bá wá?”

“Rárá, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Wọ́n mi orí. “Mi ò tíì lè bá ẹ lọ. Máa wá kí mi ná.”

Àgbọ̀n rẹ̀ tún le, àyà rẹ̀ gbóná. Ó mí. Ìbínú náà kò lọ, òun náà kò sì dìde. Ó na ọwọ́, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú òkìtì aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ká a. Kò ká a dáadáa. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún un ká, wọ́n sì na òmíràn sí i.