Ṣòkòtò Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Gé

Kò sí aṣọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ilé wa. Bí o bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ń ya lábíyá sórí àga, tí o sì lọ wẹ̀, o lè jáde kí o bá a ní ègé mẹ́rin. Èmi ni mo gé e, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn, inú àpótí ni wọ́n ń tì í mọ́.

Ìbora alábùlẹ̀ ni mò ń rán. Màá gé àwọn aṣọ tó ti gbó ní ègé ègé, màá tò wọ́n kí àwọ̀ wọn bára mu, màá sì rán wọn pọ̀ di ojú kan. Màá tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, màá fi aṣọ funfun ṣe ẹ̀yìn, màá wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an já láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dì mọ́ra. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ilé ìwòsàn àti ti hòtẹ́ẹ̀lì ni à ń fọ̀ níbẹ̀. Rírán yìí, ìgbádùn tèmi ni. Mo ń rán an nínú bọ́ọ̀sì, mo ń rán an níbi tí mo bá ti ń dúró de dókítà eléyín, mo sì ti rán an rí níbi ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé, títí tísà fi gbàgbé ohun tó ń sọ, tó ń wo ọwọ́ mi.

Ọkọ mi ni kò rí adùn kankan nínú rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkòríta wa, òun ló sì máa ń sọ ọ́ fún. "Bá mi wo obìnrin yìí," ni yóò wí. "Odidi aṣọ ló mú, ó gé e wẹ́wẹ́, ó wá ń fi oṣù mẹ́ta lẹ̀ ẹ́ padà. Tó bá jẹ́ mọ́tò ni mo ṣe báyìí, ṣé wọn ò ní dè mí lókùn?" Onígbàjámọ̀ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ débi pé mo lè sọ ọ́ kí ọkọ mi tó lanu, síbẹ̀ inú ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Ohun tí kò mọ̀, tí mi ò sì sọ fún un rí, ni pé òun gan-an ló sọ mí di ẹni tó ń rán ìbora. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí wa, ojú ọ̀nà ló máa ń wà. Kò sí fóònù lọ́wọ́ wa nígbà náà, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ títí màá fi gbọ́ ìró tírélà rẹ̀ níta. Ọwọ́ tí kò níṣẹ́ ló ń jẹ́ kéèyàn ro èrò burúkú, mo bá fún ọwọ́ tèmi níṣẹ́.

Ṣòkòtò káàkí tó fi ń wa ọkọ̀ nígbà yẹn, ó ṣì ń wọ̀ ọ́ títí di òní. Oòrùn ti pa á, ọṣẹ ti pa á, orúnkún rẹ̀ ti di àwọ̀ èpo ẹ̀pà. Ẹ lè wá irú àwọ̀ yẹn dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ẹ ò ní rí i. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Òun náà mọ̀, bó bá sì ti rí mi pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, ńṣe ló ń kó ẹsẹ̀ jọ.

"Ìyá wọn, ọjọ́ tí o bá gé ṣòkòtò yìí, ọjọ́ yẹn ni màá padà sílé ìyá mi."

"Ìyá yín ti re ibi àgbà ń rè tipẹ́."

"Màá ṣì lọ."

Nígbà tí àkọ́bí wa wá lóyún tirẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. "Mọ́mì, mi ò ra ìbora kankan o. Tiyín ni ọmọ mi máa kọ́kọ́ bò." Inú mi dùn dé àtàǹpàkò. Mo gé, mo tò, mo rán ojú rẹ̀ pọ̀. Ó ku kí n rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra ni ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọṣọ há mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni. Nọ́ọ̀sì dì í títí ó fi tóbi bí ọ̀dùnkún. Ọ̀gá wa fi mí síbi tí à ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, torí ìyẹn ò gba àtàǹpàkò. Abẹ́rẹ́ ló gbà á.

Mo sunkún nílé lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe torí ìrora. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi, ikùn rẹ̀ ò sì ní dúró de ọwọ́ mi.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, mo bá bẹ àbígbẹ̀yìn mi, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà kò kọ̀, àmọ́ rírán rẹ̀ ń fò bí ẹni tó ń sá fún ẹrọ̀fọ̀. Nígbà tí mo wò ó, mo gbàdúrà fún gbogbo aláìsàn tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Èmi sì rèé, bí ẹnikẹ́ni bá bá mi rán ìbora, bó bá ti kọ̀yìn sí mi ni mò ń tú u. Àtàǹpàkò yìí kò jẹ́ kí n lè tú nǹkan kan. Mo gbé ìbora náà sórí àga gígùn ní pálọ̀, mo gbójú kúrò.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, rírán ti yàtọ̀. Ó wẹ́, ó tọ́, ó sì ṣe déédéé. Níbi tí òwú bá ti parí, ẹni tó rán an ti fi abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó lè dì gan-in. Èmi gan-an kì í rán an le tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún gùn sí i.

"Ọmọ mi," mo sọ fún àbígbẹ̀yìn nígbà tí a ń jẹun, "ọwọ́ rẹ ti balẹ̀ o."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ló wí. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Mo bu itan adìyẹ fún un. Ọkọ mi ń wo itan náà bó ṣe ń kọjá bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

"Ṣé ẹni tó bá rán aṣọ ló wá ń jẹ itan nínú ilé yìí?"

"Ẹni tó ń fi aṣọ ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń jẹ ọrùn," mo dá a lóhùn, ọrùn náà ni mo sì fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ. Ọmọ ń gba ìyìn, ó ń jẹ itan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló jẹ́wọ́ pé òun rò pé èmi ni mò ń fi ọwọ́ òsì tún un ṣe, tí mo kàn ń yin òun kí òun má bàa rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ku igun kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ àkọ́bí wa pè mí níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. "Mọ́mì, ẹ kú oríire. Obìnrin ni. Àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà. Wọ́n ní ká máa bọ̀ nílé lọ́la." Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ ápúrọ́ọ̀nù. Mo gba ilé lọ. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já nítorí igun tó kù yẹn.

Mo bá Onígbàjámọ̀ ní pálọ̀. Ó wá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò dírááfù, ṣùgbọ́n ọkọ mi jókòó gbọnin sórí àga gígùn, ó da ìbora bo ẹsẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi bi í," Onígbàjámọ̀ wí. "Ó ní òtútù ń mú òun. Nínú ooru yìí."

"Ẹ dìde," mo sọ fún ọkọ mi. "Ẹ ti di bàbá àgbà. Obìnrin ni."

Onígbàjámọ̀ fò sókè, ó ń jó láàárín pálọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń dán, àmọ́ kò dìde. Inú bí mi. Mo ní irú bàbá wo lèyí? Onígbàjámọ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú láti fà á sókè, ọkọ mi sì gbé ìdí díẹ̀. Ìbora náà bá a gbéra. Kíá ló padà jókòó.

Onígbàjámọ̀ ò fura. Èmi rí i. Mo rí òwú tó yọ lẹ́bàá orúnkún ṣòkòtò káàkí rẹ̀, mo rí abẹ́rẹ́ tó ń fì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọkùnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ ti rán ara rẹ̀ mọ́ ìbora, ẹni tó sì ń bá a rẹ́rìn-ín náà rèé lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo nílò. Ó ti dé orí ahọ́n mi, ó sì dùn. Ọkọ mi wo ojú mi, kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wò mí. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti dúró de ṣòkòtò yẹn kó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo sọ fún Onígbàjámọ̀, "ẹ bá wa ra ohun mímu tútù wá, ká fi bá ọmọ tuntun yọ̀."

Ó jáde tìlù-tìfọn. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Tapólì," ló wí, ó ń wo ilẹ̀. "Bí tapólì tí mo fi ń bo ẹrù bá ya lójú ọ̀nà, ta lo rò pé ó ń rán an? Rírán ọmọ yẹn ló ń dà mí láàmú. Mo ní kí n kàn tún ibì kan ṣe. Ó wá dùn mọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti rán orúnkún ṣòkòtò mọ́ ẹ̀yìn ìbora látòkè délẹ̀, ó sì ti dì í lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe ń ṣe. Bí a bá ní ká tú u, igun náà á tú, funfun ẹ̀yìn á ya, ọmọ sì ń bọ̀ nílé lọ́la.

"Gé ṣòkòtò," ọkọ mi wí.

Mo gbójú sókè. "Ṣòkòtò wo?"

"Ìyá wọn, má jẹ́ kí n tún un sọ."

Mo fi ọwọ́ òsì mú àlùmọ́gàjí. Mo gé e yípo ibi tó rán. Orúnkún rẹ̀ jáde níbẹ̀ bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi fọwọ́ bò mí lẹ́nu kí wọ́n má bàa gbọ́ wa níta. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ṣẹ́ etí káàkí náà wọlé, ó sì rán an yípo mọ́ ẹ̀yìn ìbora. Nígbà tí Onígbàjámọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ti wọ ṣòkòtò mìíràn.

"O ti pààrọ̀ ṣòkòtò?"

"Bàbá àgbà kì í wọ àkísà," ọkọ mi dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa lọ kí wọn, Onígbàjámọ̀ náà tẹ̀ lé wa. Àkọ́bí wa gba ìbora náà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Onígbàjámọ̀ fi ìgúnpá gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Aṣọ tí wọ́n gé, tí wọ́n tún lẹ̀ padà nìyí o," ló wí, ó ti múra ẹ̀rín sílẹ̀.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. "Wo bí wọ́n ṣe rán an ná," ló wí.

Ọmọ mi yí i padà sí ẹ̀yìn tó máa kan ara ọmọ, ó sì rí káàkí náà. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ṣòkòtò yẹn ló máa ń sáré lọ dì mọ́ ní ẹnu géètì nígbà tó wà ní kékeré. Ó gbé ọwọ́ lé e, omi dé ojú rẹ̀.

"Dádì, ta ló gé e?"

"Ìyá yín ló gé e," ọkọ mi wí. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. "Èmi ni mo rán an."

Onígbàjámọ̀ tẹ̀ síwájú, ó ń yẹ rírán náà wò. Àbígbẹ̀yìn mi ti bú sẹ́rìn-ín. "Tèmi ńkọ́, Dádì," ló bèèrè, "tí mo bá bímọ?"

Ọkọ mi ń fi ìka kan tẹ́ etí ìbora náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

"Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà nílé," ló wí.