Ọba Tó Ń Pe Agbálẹ̀ Ní "Ẹ̀yin"

Fóòmù tó bo gbohùngbohùn náà ń rùn. Itọ́ gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣe ohùn Ọba Pẹ̀lẹ́ nínú eré kàtúùnù kan gbọ́dọ̀ gbé ẹnu sún mọ́ ọn dáadáa kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó yínmú.

Ọba Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ẹni pàtàkì nínú eré kàtúùnù náà o. Àwọn ewúrẹ́ méjì oníjàngbọ̀n ló ni eré. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ọba fi ń yọjú, á parí ìjà wọn, á kí agbálẹ̀ ààfin, á wọlé lọ. Ìkíni yẹn gan-an làwọn ọmọdé fẹ́ràn, àṣìṣe ló sì bí i. Ohun tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, "Ìwọ, dìde níbẹ̀!" Ṣùgbọ́n ta ló dúró síwájú rẹ̀ tó ń ṣe ohùn agbálẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni, obìnrin tó tọ́ ìyàwó rẹ̀ dàgbà. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ̀yin mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù," ló jáde. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọba di ọba rere nítorí pé ọkùnrin kan ń bẹ̀rù àna rẹ̀.

Ọ̀gá tuntun ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣíọ̀! Ọmọkùnrin tó ń jẹ ẹyin sísè lórí tábìlì iṣẹ́, tó ń fi ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá tán ṣí ìwé fáwọn ẹlòmíràn.

"Oore ti sú àwọn èèyàn," ló wí. "Ẹ̀gbin ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín báyìí."

Ìyẹn ni pé kí ọba gùfẹ̀ sórí agbálẹ̀. Ọkùnrin yìí gùfẹ̀. Ọ̀gá ní kò ki tó. Ó tún un ṣe nígbà mọ́kànlá, ọ̀fun rẹ̀ ń ta á, gbogbo rẹ̀ sì ń rí i lára. Ó tu itọ́ sínú ife. Ìgbà náà ló kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé: "Ìwọ ẹlẹ́gbin, fi ahọ́n rẹ nu ilẹ̀!"

Ó fi ìwé sílẹ̀. "Mi ò lè sọ èyí."

"Bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, a ó yọ ọba kúrò," ni ọ̀gá wí, ẹyin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Bí ọba bá sì ti lọ, kí la fẹ́ fi agbálẹ̀ ṣe?"

Ọkùnrin náà wo àna rẹ̀. Ó mọ̀ pé obìnrin náà kò ní iṣẹ́ mìíràn. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

"Sọ ọ́ jàre, ọkọ wa," ló wí. "Iṣẹ́ ni."

Ó sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, ó sì rí gẹ́lẹ́ bí ọ̀gá ṣe fẹ́. Ọdún méjìlá tó ti ń wí pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ọdún méjìlá tí obìnrin yìí ti ń wá ṣọ́ ọ nílé òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, gbogbo rẹ̀ gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó tilẹ̀ fi "Ìwọ!" kan kún un tí kò sí nínú ìwé. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àna rẹ̀ ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n sọ ọ́."

"Mo ní kí o sọ ọ́," ni obìnrin náà dáhùn. "Mi ò ní kó dùn mọ́ ọ lẹ́nu."

Ó fẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ rí i lára, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.