Páálí Tí Láídé Gé

Ẹni tó bá ń wá ìjà Láídé Mákánjú kò ní láti bú u. Kó ṣáà ti sọ fún un pé ó ṣì í. Ó ti pẹ́ tó ti ń ránṣọ ní Mowo, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, Láídé ò sì ní in lẹ́nu. Ẹnu yìí ló lé Dosi jìnnà sí i, Dosi àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n bí tẹ̀lé àwọn ìbejì tí kò dúró.

Ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn ní Gberefu ló ṣẹlẹ̀. Láídé ń sọ fún àwọn àlejò pé ọgọ́rin ọdún ni màámi lò láyé. Dosi rọra sọ pé, "Àǹtí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni." Òótọ́ sì ni. Dosi ló bá ìyá náà gbé títí ó fi kú. Láídé ní kó kúnlẹ̀ sínú yanrìn níbẹ̀, lójú ọkọ Dosi, lójú àwọn ọmọ Dosi àti àwọn apẹja tó wá kí wọn, kó tọrọ àforíjì. Dosi kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" nìkan ni Láídé ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ń dun Láídé. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún ìyá wọn yí po, tí ẹbí ní kí wọ́n wá pín aṣọ olóògbé, ó rí ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí Dosi pé kí wọ́n má pín in mọ́. Kí àwọn méjèèjì jọ fi àǹkárá màámi rán aṣọ tí wọ́n á tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí. Aṣọ àjèjì kankan ò ní wọ̀ ọ́. Ẹtù tí bàbá wọn fi gbé màámi níyàwó ni yóò wà láàárín, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn pé àlùmọ́gàjí ò ní kàn án. Lọ́kàn Láídé, bí àwọn bá ti jọ jókòó sídìí aṣọ kan, ọ̀rọ̀ yóò padà sẹ́nu àbúrò òun.

Dosi gbà. Á wọ ọkọ̀ ojú omi láti Gberefu, á gun ọ̀kadà dé Mowo, á bọ́ sàlúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà ò nira fún ẹni tó bá ní sùúrù. Wọ́n á gé àǹkárá méjì ní íǹsì méje-méje, kí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Wọ́n á gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á fa ìlà láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, wọ́n á rán an lápá ọ̀tún ìlà àti lápá òsì, wọ́n á wá gé e lórí ìlà náà. Bí wọ́n bá ṣí i, búlọ́ọ̀kù méjì ló dé yẹn, onígun mẹ́ta méjì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan lókè, àwọ̀ kan nísàlẹ̀. Àmọ́ etí búlọ́ọ̀kù kì í gún tó bá jáde lábẹ́ máṣíìnì. Ọ̀kan á wọ́, ọ̀kan á fẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé páálí lé e, tí wọ́n á gé ohun tó bá yọ síta dànù.

Láídé ló ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá rán ẹtù náà tán, íǹsì méjìdínláàdọ́ta ni ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan yí ẹtù ká, íǹsì mẹ́fà-mẹ́fà, àti ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ó pé géérégé. Ó mú páálí, ó gé e ní íǹsì mẹ́fà, ó jù ú sí Dosi. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Búlọ́ọ̀kù tí yóò jẹ́ mẹ́fà lára aṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́fà ààbọ̀ kí wọ́n tó so ó pọ̀, nítorí ojú rírán yóò jẹ ààbọ̀ íǹsì nínú rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ èyí. Láídé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìwàǹwára ni kò jẹ́ kó rántí.

Dosi fi téèpù wọn páálí náà.

"Àǹtí, ṣé bí páálí yìí ṣe mọ la máa gé e?"

Láídé ò gbójú sókè nídìí áyọ́ọ̀nù. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ aṣọ, Dosi?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Gé e."

Ó gé e. Àwọn àǹkárá tí màámi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń já bọ́ sílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Inú Láídé ń dùn pé àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ ń kọrin. Dosi gé gbogbo búlọ́ọ̀kù mẹ́rìndínlógójì tán, ó gbá àjákù jọ, ó lọ dáná sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà tí wọ́n so búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ àkọ́kọ́ pọ̀ ní ìlà kan, tí Láídé tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù, ó fi íǹsì mẹ́rin kúrú. Ó fà á. Àǹkárá ò nà. Ó mú páálí, ó gbé téèpù lé e.

"Mẹ́fà ni mo gé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Dosi, o wọn páálí yìí. Mo rí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì mọ̀ pé mẹ́fà ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Dosi ń ká òwú mọ́ ìka. "Mo ti sọ òótọ́ fún yín rí, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ mi obìnrin ṣì máa ń bi mí ohun tí mo ṣe."

Ojú ti Láídé, ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀. "Torí ìyẹn lo ṣe ba aṣọ màámi jẹ́? Ìkà ni ẹ́."

"Ìkà ni mí," Dosi ní. "Ó ń dun èmi náà bí mo ṣe ń gé e. Ẹ gbọ́, Àǹtí. Ìró mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi tí màámi fún mi nígbà tí mo bímọ. Wọ́n á tó fún búlọ́ọ̀kù mìíràn. Mo lè kó wọn wá lọ́la. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé ẹ ṣẹ̀ mí lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi nìkan ni mo wà níbí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

Láídé la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ò ju gbólóhùn kan lọ, ó sì ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó jáde ni pé, "Ṣé èmi ni ìwọ Dosi wá ń pàṣẹ fún?"

Dosi tú òwú náà kúrò ní ìka rẹ̀, ó dìde. "Ó dàbọ̀, mà," ó ní, ó sì lọ kí ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ má bàa fi í sílẹ̀.

Láídé jókòó ti ẹtù. Kò ṣeé ṣẹ́ wọlé, ó ki jù. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà Dosi ò sì tíì lè dé etí omi. Ó mú fóònù náà, ó gbé e sílẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi íǹsì mẹ́rin tí ẹtù fi gùn ju búlọ́ọ̀kù lọ, ó mú àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀, nítorí ìyẹn rọrùn fún un ju kó bẹ Dosi lọ.