Bọ́ọ̀sì Tí Kì í Dúró fún Dùnsìn

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí ti sú Olúwadùnsìn. Ọmọ ọdún méje ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó dé Openshaw ní ìlú òyìnbó láti Ìjẹ̀bú-Igbó, òun nìkan ló sì máa ń dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó wà nítòsí ilé wọn. Níjẹta, bọ́ọ̀sì sùkúù dé, ó dẹwọ́ díẹ̀, ó sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lánàá. Màmá rẹ̀ ló pọn ọmọ ọwọ́, tó tún fà á lọ́wọ́ dé sùkúù nígbà tí wọ́n ti pe orúkọ tán.

Lónìí, kíláàsì wọn ń lọ sí oko kan tí àwọn ọmọdé ti máa fi ìgò fún ọmọ àgùntàn ní mílíìkì. Wọn kò ní dúró de ẹni tó bá pẹ́. Láti ìgbà tí Dùnsìn ti gbọ́, àgùntàn ló ń rí lójú oorun.

"Èmi ni màá tẹ̀ lé e," ni Bọ̀wálé, bàbá rẹ̀, wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ dé ni. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí dírẹ́bà yẹn. Ó ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Dádì Dùnsìn, ẹ má lọ bá òyìnbó jà o. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kí Bùrọ́dà Ẹ̀hìndé láti ọjọ́ tó ti jókòó sí àga yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣé ó ti wá bẹ̀ mí ni?"

Òjò wínníwínní ń rọ̀. Bọ̀wálé fara ti ògiri lẹ́yìn bọ́sítọ́ọ̀pù, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Èmi ò ní kí dírẹ́bà yẹn o. Tó bá tún kọjá, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò gbọ́."

Bọ́ọ̀sì yọ. Dùnsìn rí obìnrin tó ń wà á, irun rẹ̀ funfun bíi ti ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá àgbà sì ti kọ́ ọ pé ọmọ tó mọ ìkíni, kò sí ibi tí wọn kì í ti í gbà á. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Nígbà tó máa gbójú sókè, ìdí bọ́ọ̀sì ló rí.

"Ha! Dùnsìn! Ṣé bí o ṣe máa ń ṣe nìyí?"

Kò tíì dáhùn tí bàbá rẹ̀ ti ki eré mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ní òun ò ní kí i, ọwọ́ méjèèjì ló ń jù sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà! Please, ma!"

Bọ́ọ̀sì dúró níwájú. Dùnsìn sáré bá wọn. Dírẹ́bà náà, Amelia ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn.

"Mo rí ọmọ yìí," ló fi gẹ̀ẹ́sì sọ. "Okùn bàtà ni mo rò pé ó ń so. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé máa ń nawọ́ ni."

"Ẹ̀yin ni mo ń kí," ni Dùnsìn wí.

Amelia wo orúnkún rẹ̀ tó ti tutù. "Èmi? Èébú làwọn ọmọ tèmi fi ń kí mi láàárọ̀! Ọmọ dáadáa, nawọ́ kí n lè dúró. Tí o bá wọlé tán, kí mi bó ṣe wù ọ́."

Dùnsìn yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ìyá àgbà ní ọmọdé kì í nawọ́ sí àgbà."

"Nawọ́ sí i." Bọ̀wálé ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bí ìyá mi bá bínú, kí wọ́n bá mi wí." Ó wá yíjú sí Amelia. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti ń bá yín jà nínú mi láti ìjẹta."

"Mo rí i lójú yín," ni Amelia fèsì.

Ọmọbìnrin kan, Halimah, sún fún Dùnsìn lórí ìjókòó. "Kò sẹ́ni tó máa ń wọkọ̀ níbí yìí," ló wí.

Dùnsìn gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Èmi ń wọ̀ ọ́ níbí," ló dáhùn. "Ṣé àgùntàn máa ń gé èèyàn jẹ?"