Lórí Pápá Kò Sí Ẹ̀gbọ́n

"Wọ́n ní kóòṣì ní òun máa . . ."

"Máa kí ni?"

"Máa yọ gólì yẹn. Lójú alága ẹgbẹ́ ló ti sọ ọ́. Ẹ ṣáà má sọ pé ẹnu mi lẹ ti . . ."

"Háà! Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu yẹn?"

Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé ní ìsọ̀ bàbá kékeré rẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe, ó ń ran àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn oníbàárà méjèèjì kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Adákẹ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ti ń ṣe aṣọ́lé ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò, kò ké.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá kékeré rẹ̀ ṣí aṣọ ìkélé.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ta ló ní kí o máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré níwájú àwọ̀n? Gbá a dànù! Nígbà tèmi, bọ́ọ̀lù tí a bá gbá láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ la tó ń rí i."

Adákẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kóòṣì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Kóòṣì tó fẹ́ yọ ẹ́ náà?"

Adákẹ́ tún ki abẹ́rẹ́ bọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

Kóòṣì, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gbà pé ẹsẹ̀ aṣọ́lé ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí gbígbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run. Aṣọ́lé á tì í sí ẹni tó wà nítòsí, onítọ̀hún á tì í sí ẹlòmíràn, títí yóò fi dé iwájú. "Bọ́ọ̀lù tí a gbá láìwo ẹni tí a gbá a fún," ni ó máa ń wí, "ọ̀tá la fi ta lọ́rẹ." Òfin rẹ̀ kejì ló wá le jù: lórí pápá kò sí ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n pe ara wọn lórúkọ lásán, kí wọ́n sì pàṣẹ fún ara wọn.

Òfin yẹn ni Adákẹ́ kò lè pa mọ́. Òpó, balógun wọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ju ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà bọ́ọ̀lù. Ní Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Adákẹ́, Òpó kọ̀yìn sí i, ọ̀tá kan sì ń sáré bọ̀. Ó yẹ kó pariwo pé, "Òpó, yíjú!" Ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn." Ó tì í sí i bẹ́ẹ̀. Kó tó bẹ̀bẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n, wọ́n sì pàdánù. Gbogbo èrò ìwòran ló rí ẹsẹ̀ tó gbá a; kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yìn tí wọ́n kọ sí i.

Bí wọ́n bá tún pàdánù ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ wọn á já sí ìsọ̀rí kejì. Bí wọ́n bá sì yọ òun, ó di kí òun máa ran bàtà bọ́ọ̀lù fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn títí ayé.

Nígbà tó dé pápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà fún ìdánrawò, aṣọ́lé kejì ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń na ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Alága wà lórí àga rọ́bà, ó ká apá lé àyà. Kóòṣì pín wọn sí ọ̀nà méjì, ó fọn fèrè.

Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnìkan láti apá kejì ń lé e bọ̀. Ariwo ta: "Gbá a jìnnà! Gbá a!" Òpó gan-an ń pariwo bẹ́ẹ̀, ó sì tún kọ̀yìn. Ìgbá kan péré, bọ́ọ̀lù á fò, ẹ̀bi á bá a fò lọ. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ, lóòótọ́. Arìngbẹ̀rẹ̀ wo ni wọ́n wá ń lé báyìí? Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n . . ."

Ó tì í. Òpó pẹ́ kó tó yíjú. Àwọ̀n mì.

Alága lu itan. "Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?"

Kóòṣì kò tilẹ̀ wò ó. "Ẹ tún un ṣe."

Adákẹ́ lọ he bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Bí wọn yóò bá yọ òun, kò ní jẹ́ nítorí ohùn tí òun gbé mì. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ẹni tó ń lé e tún ń bọ̀.

"Òpó!" Ohùn náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Yíjú! Gbà á! O ò rí mi ni?"

"Yéè," ẹnìkan wí, "Adákẹ́ ti fọhùn!"

Òpó yíjú bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Bọ́ọ̀lù bà á lójúgun, ó ta sókè díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kejì mú un balẹ̀, ó tì í sí àárín. Láti àárín ó dé ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ ó dé iwájú. Kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pariwo "gbá a" mọ́. Wọ́n tún un ṣe, ó bàjẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó dára. Nígbà tó yá, alága dìde, ó lọ láìdágbére. Aṣọ́lé kejì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nínú yàrá ìmúra, Adákẹ́ wá dúró síwájú Òpó, ó dorí kodò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo jágbe mọ́ yín."

"Gbórí sókè jàre. O bú mi tán lójú gbogbo ayé, o wá ń bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀." Òpó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú okùn bàtà tó ti tú tẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde, pé kóòṣì máa yọ ẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ààbọ̀ ni mo sọ fáwọn èèyàn."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà ẹ́, kí o máa gbá a jìnnà. Bó o bá gbá a jìnnà, kò ní dé ọ̀dọ̀ mi. Láti Sátidé, bí mo bá ti rí bọ́ọ̀lù, ṣe ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

Adákẹ́ jókòó tì í. Ẹ̀yìn tí òun ti ń bọ̀wọ̀ fún látọjọ́ yìí, àṣé ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ni ín.

"Ààbọ̀ tó kù ńkọ́?"

Òpó gbójú sókè, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

"Alága ní, 'Yọ ọmọ yẹn.' Kóòṣì ní, 'Mo máa yọ ọ́, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá mú un gbá bọ́ọ̀lù lọ síbi tí kò ti rí èèyàn wa kankan, lọ́jọ́ yẹn ni mo máa yọ ọ́.'"